Abẹ́rẹ́ làkúrègbé bá mi jà, wọ́n tún ní kí n gba òmíràn

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà, télọ̀ ni mí, mo ti pé ọmọ ọdún 43, ọmọ mi mẹ́ta. Làkúrègbé oríkèé, èyí tí dókítà ń pè ní rheumatoid, ti ń bá mi fínra láti 2019. Àwọn ìka ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ wú, tílẹ̀ bá ti mọ́ wọ́n á le gbagidi bí igi, ó lè tó wákàtí méjì kí wọ́n tó rọ̀, mi ò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, mi ò lè di gèlè ara mi, sísọ́ọ̀sì tí mo ti ń lò láti kékeré wá di ohun tí ọmọ iṣẹ́ ń bá mi dì mú. Wọ́n fún mi ní methotrexate, oníkóró tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó gbé e díẹ̀ àmọ́ kò gbé e tán, ni wọ́n bá ní kí n máa wá gba dírìpù infliximab ní ilé ìwòsàn kan l'Ékòó. Àǹtí, oògùn yẹn ṣiṣẹ́ o! Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kejì mo gé aṣọ fúnra mi, mo sì sunkún. Mo gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin, owó wá tán. Mo dúró bí oṣù 7, methotrexate náà mo pa á tì torí inú máa ń rìn mí tí mo bá lò ó. Ìgbà tí aṣọ àwọn régbérégbé wọlé fún Ojúde Ọba tí mo rówó díẹ̀ kó jọ, mo padà lọ. Kò tó ìṣẹ́jú 15 tí wọ́n so dírìpù yẹn mọ́ mi lọ́wọ́ tí ara mi ń gbóná, tó ń yún mi, gbogbo ọrùn mi lé, àyà mi há, ahọ́n mi wúwo lẹ́nu, mo ní kí wọ́n pe ọkọ mi kí n bá a sọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ọlọ́run ló yọ mí, àti àwọn nọ́ọ̀sì yẹn. Dókítà wá ní àwọn fẹ́ yí i padà sí adalimumab, pé èmi náà ni màá máa gún ara mi nílé. Ìyá ọkọ mi ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló á sá, pé kí n fi abẹ́rẹ́ òyìnbó sílẹ̀ kí n máa mu àgbo. Àbúrò ọkọ mi ní tòun, ó ti rí ẹnì kan tó ń ta Remsima, pé kò wọ́n tó ti tẹ́lẹ̀, orúkọ ẹ̀ sì yàtọ̀, pé òun ni kí n gbà. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ ṣe.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ kú ewu, ẹ kú orí ire. Olúwa ò ní jẹ́ kí ẹ rí irú ẹ̀ mọ́.

Èyí tó kánjú jù ni màá kọ́kọ́ sọ: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so Remsima yẹn mọ́ yín lọ́wọ́. Infliximab ni. Infliximab ni Remicade, òun ni Remsima, òun náà ni Inflectra, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n àti páálí wọn ló yàtọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ míì ló wá ń ṣe irú ti àkọ́kọ́, ọdún 2013 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Yúróòpù, ó sì dáa bẹ́ẹ̀ torí ó jẹ́ kí owó ẹ̀ wálẹ̀, ẹni tí infliximab ò bá jà lè gbà á kó sì gbádùn ẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n tiyín ti yàtọ̀. Àwọn sójà tí ara yín ti kó jọ de infliximab, wọn ò mọ̀wé kà, wọn ò wo páálí, tí wọ́n bá ti rí i pé òun ló ń wọlé bọ̀, wọ́n á dìde sí i ni. Mo mọ̀ pé àbúrò ọkọ yín fẹ́ràn yín ló fi ń wá a kiri, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé rárá.

Òwe tí ìyá ọkọ yín pa yẹn, mo fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ ó yẹ ká bi ara wa pé èwo gan-an ni ejò, èwo ni ekòló. Remsima yẹn ni ejò ọjọ́ yẹn gan-an, awọ ló bọ́. Adalimumab kì í ṣe òun. Mi ò ní kẹ́ ẹ fi wé ekòló o, oògùn tó lágbára ni, òun náà ní tiẹ̀, àmọ́ pé ọ̀kan bá yín jà ò sọ pé gbogbo ẹbí wọn ni yóò bá yín jà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín, torí ẹni tó bá mọ ohun tó ṣe é, ẹ̀rù á dín kù lára ẹ̀. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa tí wọ́n ń pè ní TNF, òun ló máa ń pariwo tí kòkòrò àìsàn bá wọlé, tí àwọn sójà ara á fi jáde. Lára ẹni tó ní rheumatoid, ariwo yẹn kì í dákẹ́, ọ̀tá ò sí níta, sójà ń lu onílé, oríkèé ni wọ́n ń lù. Ìgbà tó di 1992 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn méjì, Marc Feldmann àti Ravinder Maini, bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn ní London ní oògùn kan tó ń gbá TNF mú, infliximab yìí náà ni, àwọn tí kò lè gun àtẹ̀gùn wá ń gùn ún. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀, ara eku ló ti wá, ti èèyàn ni ìyókù. Ara àwọn kan á fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ara àwọn míì á ní àjèjì lèyí o, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun ìjà jọ dè é. Orúkọ wọn gan-an ń sọ ọ́ tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n kà: èyí tó bá parí sí "ximab", apá kan ẹ̀ ti ẹranko ni, èyí tó bá parí sí "umab" tí lẹ́tà z ò sí ṣáájú ẹ̀, bíi adalimumab, ti èèyàn ni wọ́n fi ṣe gbogbo ẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù nínú lẹ́tà yín ni oṣù 7 yẹn. Infliximab, bí wọ́n ṣe ń gbà á ni pé lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kejì á tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ẹ̀ẹ̀kẹta ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ. Bó ṣe ń wọlé déédéé bẹ́ẹ̀, ara á máa fara mọ́ ọn. Tó bá wá lọ pátápátá fún oṣù púpọ̀ tó tún padà dé lójijì, ìgbà yẹn gan-an ni ara máa ń kọlù ú jù. Methotrexate tẹ́ ẹ sì pa tì, kì í ṣe oríkèé nìkan ló ń wò, òun náà ló ń pàrọwà fún àwọn sójà kí wọ́n má ṣe dojú kọ infliximab. Ẹ dá méjèèjì dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò fi ẹ̀sùn kàn yín o, ẹni tí kò rówó kò rówó, ta ló fẹ́ dá ara ẹ̀ lóró. Àwọn tó so dírìpù mọ́ yín lọ́jọ́ náà ni ì bá kọ́kọ́ bi yín pé oṣù mélòó lẹ ti gbà á kẹ́yìn, kí wọ́n tó tú ìgò. Ìbéèrè kan péré ni, ó sì máa ń gba ẹ̀mí là.

Mo ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì rántí ìyá kan tí mo jókòó tì lọ́jọ́ kan tí irú oògùn báyìí ń wọlé sí i lára. Kò sí nǹkan kan lára ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ dáa, èémí ẹ̀ dáa. Mo kàn rí i pé ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra bẹ́ẹ̀dì, ó ń rà á, ó ń rà á, ó wá wojú mi, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, mi ò mọ nǹkan tó ń ṣe mí o, ó dà bíi pé mo fẹ́ kú." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbọ́ tí mo ti dírìpù pa, mi ò dúró de dókítà. Kí n tó yíjú padà ọrùn ẹ̀ ti lé gànràngànràn, ètè ẹ̀ ti ń wú. A gún un lábẹ́rẹ́ adrenaline ní itan, a fún un ní atẹ́gùn, ó yè. Ohun tí ẹ̀yin náà sọ nípa ọkọ yín lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ni, kì í ṣe ojo ló ṣe yín, ara ló máa ń mọ̀ kí ojú tó rí i. Torí náà ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá ń gba oògùn tuntun tẹ́ ẹ gbọ́ ọ nínú ara pé nǹkan ò rí bó ṣe yẹ kó rí, ẹ pariwo, ẹ má tijú ẹnikẹ́ni, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ wò ó ná.

Irú kejì tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀, èyí tí kì í ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ ọjọ́ kan sí ọjọ́ 14 lẹ́yìn dírìpù, ara á gbóná, oríkèé á máa ro, ara á lé, àgbọ̀n á máa dunni bí ẹni tó jẹ eegun ẹran títí ilẹ̀ fi ṣú. Nílé wa níbí ibà ni wọ́n máa pè é, wọ́n á ra oògùn ibà, ó pin. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ èyíkéyìí, ẹ sọ fún dókítà kẹ́ ẹ tó gba òmíràn.

Nǹkan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí gan-an: ẹ padà sí ilé ìwòsàn yẹn, tàbí kẹ́ ẹ rán ọkọ yín, kí wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà sínú ìwé fún yín. Kì í ṣe "aláìsàn bá oògùn jà", ìyẹn ò tó. Orúkọ oògùn inú ìgò àti orúkọ ara páálí, ìkelòó ni, oṣù mélòó ló wà láàárín, ìṣẹ́jú mélòó ló bẹ̀rẹ̀, kí ló ṣe yín, ibo ni ẹ̀jẹ̀ yín já dé, kí ni wọ́n fún yín. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sórí fóònù, kẹ́ ẹ sì kọ "INFLIXIMAB BÁ MI JÀ" sórí páálí kékeré kan tẹ́ẹ̀ máa fi sínú pọ́ọ̀sì. Torí ọjọ́ kan lè wà tí ẹ ò ní lè sọ̀rọ̀, tó jẹ́ ọmọ yín tàbí aládùúgbò ló gbé yín dé ọ̀dọ̀ dókítà tí kò mọ̀ yín rí, yálà ní Ṣàgámù ni o tàbí níbòmíì.

Adalimumab wá ńkọ́? TNF lòun náà ń gbá mú. Mílígíráàmù 40 ni, ọ̀sẹ̀ méjì méjì, abẹ́ awọ ikùn tàbí itan lẹ máa gún un sí. Ojú ibi tẹ́ ẹ gún lè pọ́n, kó máa yún díẹ̀, ìyẹn kì í pẹ́ lọ. Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ má gún ti àkọ́kọ́ nílé, ẹ gbà á níwájú nọ́ọ̀sì kẹ́ ẹ sì jókòó síbẹ̀ bíi wákàtí kan, ọkàn yín á balẹ̀ jù. Mi ò ní tàn yín, ara lè kó ohun ìjà jọ de adalimumab náà, ó sì máa ń pọ̀ díẹ̀ lára ẹni tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí infliximab rí, ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè ní kẹ́ ẹ padà sórí methotrexate. Tínú bá ń rìn yín, ẹ sọ ọ́, ẹ má pa á tì ní bòńkẹ́lẹ́, folic acid wà tí wọ́n fi ń tì í lẹ́yìn, abẹ́rẹ́ methotrexate náà wà fún ẹni tí oníkóró ò bá lára mu. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni o, ọjọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn tó ṣèèṣì ń lò ó lójoojúmọ́ ti bá a kú.

Tí adalimumab ò bá ṣeé rí tàbí kò ṣiṣẹ́, ọ̀nà ò tíì dí. Etanercept wà, òun kì í ṣe irú infliximab rárá, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gún un. Tocilizumab wà, kì í fọwọ́ kan TNF. Rituximab náà wà, mo sì máa ń ronú nípa ẹ̀ fún àwọn tó ń ti Ìjẹ̀bú lọ s'Ékòó wá ìtọ́jú, dírìpù méjì péré ni, ọ̀sẹ̀ 2 láàárín wọn, wọ́n sì lè tó oṣù 6 kí wọ́n tó tún gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí orúkọ ẹ̀, ximab lòun náà, wọ́n máa ń fi sítẹ́rọ́ọ̀dù ṣáájú ẹ̀ kí ara má bàa gbaná, wọn ò sì gbọ́dọ̀ so ó mọ́ èèyàn láì kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò fún jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B.

Ó ku ti ikọ́ ife. TNF tá à ń mú mọ́lẹ̀ yìí, òun náà ló ti ilẹ̀kùn mọ́ kòkòrò ikọ́ ife tó ń sùn lára ọ̀pọ̀ wa. Ẹ lè ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ infliximab, àmọ́ nǹkan lè ti yí padà. Tẹ́nì kan bá ń wúkọ́ ní ṣọ́ọ̀bù yín tó ti lé lọ́sẹ̀ méjì, ọmọ iṣẹ́ ni o, kọ́sítọ́mà ni o, ẹ sọ fún dókítà kó tún yín yẹ̀ wò. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ikọ́ ife nílé ìwòsàn ìjọba.

Ìyá ọkọ yín, ẹ má bá wọn jà. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ sọ fún wọn bí ọwọ́ yín ṣe rọ̀ lẹ́yìn dírìpù kejì tẹ́ ẹ fi gé aṣọ, wọ́n ṣáà rí i lójú ara wọn. Ohun tí mò ń bẹ̀rù nínú àgbo làkúrègbé ni pé àwọn kan tó ń tà á máa ń lọ sítẹ́rọ́ọ̀dù mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ méjì, tójú á wá máa wú, tí ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru á máa gòkè. Ẹ̀dọ̀ yín sì ní iṣẹ́ methotrexate tó ń ṣe lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Kẹ́ ẹ tó gún ti àkọ́kọ́, ẹ bá dókítà ṣírò owó ọdún kan, ẹ má ṣírò owó abẹ́rẹ́ kan. Tí kò bá ní ká a, ẹ sọ ọ́ níwájú wọn kí wọ́n yan èyí tó máa ká a. Mo mọ̀ pé ojú máa ń tini láti sọ pé owó ò sí. Ó sàn kẹ́ ẹ sọ ọ́ lójú dókítà ju kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tún já a sílẹ̀ láàárín, ẹ ti rí ohun tí jíjá sílẹ̀ ń fà.

ÌBÉÈRÈ: Ìkẹ́nnẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé, Àǹtí. Bàbá mi ń gba etanercept, a ò ní iná fún ọjọ́ 3, mo bá gbé abẹ́rẹ́ wọn lọ sínú fírísà aládùúgbò tó ń tan jẹnẹrétọ̀, ilẹ̀ mọ́ ó ti di yìnyín gbagidi. Ṣé kí n jẹ́ kó yọ́ ká lò ó?

ÌDÁHÙN: Rárá o, ọmọ mi, ó ti bàjẹ́. Ó lè yọ́ kó mọ́ gaara, àmọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀ ti fọ́, ẹ ò ní fojú rí i. Dígíríì 2 sí 8 ni ibi tó yẹ kó wà, ìyẹn àárín fíríìjì, kò gbọdọ̀ wọ fírísà, kò sì gbọdọ̀ fara kan ògiri ẹ̀yìn fíríìjì níbi tí omi ti ń dì. Mo mọ̀ pé owó ńlá lẹ sọnù yẹn, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ra kúlà kan sílé, tíná bá lọ kẹ́ ẹ fi táwẹ̀lì wé yìnyín inú ọ̀rá, kẹ́ ẹ wá gbé páálí abẹ́rẹ́ lé orí táwẹ̀lì, kí yìnyín má fara kàn án. Wọ́n sọ pé ó lè wà níta fún ọjọ́ 14 tí ibẹ̀ ò bá gbóná ju dígíríì 25 lọ, ṣùgbọ́n yàrá wo ní Rẹ́mọ nínú oṣù kẹta ni kì í gbóná jù bẹ́ẹ̀? Ẹ ka ara páálí tiwọn náà. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gún un fún bàbá, ẹ yọ ọ́ síta bí ìṣẹ́jú 15 sí 30 ṣáájú kí òtútù ẹ̀ lọ, tó bá tutù ó máa ń ta wọ́n gan-an.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, Ìjẹ̀bú-Igbó nibí. Màmá wa ń gba adalimumab, àwọn ọmọ ẹ̀ ti sanwó Mẹ́kà fún un lọ́dún yìí, wọ́n ní dandan ni abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú àti ti mẹ́níńjáítìsì. Ṣé wọ́n lè gbà á?

ÌDÁHÙN: Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n á sì padà bọ̀ láyọ̀. Ti mẹ́níńjáítìsì ò ní wàhálà, kò sí kòkòrò alààyè nínú ẹ̀, kí wọ́n gbà á. Ti ibà pọ́njú ni kí wọ́n má gbà, torí kòkòrò inú ẹ̀ wà láàyè, wọ́n kàn sọ ọ́ di aláìlágbára ni, ara ẹni tí adalimumab ń mú sójà ẹ̀ mọ́lẹ̀ sì lè má lè ṣẹ́gun ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá gbogbo àpótí màmá, bóyá wọ́n ti gbà á rí ṣáájú àìsàn yìí. Tẹ́ ẹ bá rí káàdì yẹ́lò wọn, kódà kó jẹ́ ti ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, ó ṣì ń ṣiṣẹ́, torí láti oṣù keje 2016 káàdì yẹn ti di ti gbogbo ọjọ́ ayé ẹni, kì í kú lẹ́yìn ọdún 10 mọ́, tẹ́nì kan bá ní kí wọ́n tún un gbà, ẹ má gbà fún un. Tí kò bá sí káàdì kankan, kí dókítà tó ń tọ́jú oríkèé wọn kọ lẹ́tà pé wọn ò gbọ́dọ̀ gbà á nítorí oògùn tí wọ́n ń lò, kẹ́ ẹ mú lẹ́tà náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fúnni ní káàdì kí wọ́n kọ ọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì ti ṣe gbogbo ẹ̀ kí ọjọ́ ìrìnàjò tó sún mọ́lé. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa lò lọ́hùn-ún, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà pẹ̀lú lẹ́tà dókítà, wọn ò gbọ́dọ̀ fi sínú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ bàálù.